Àgbàdo Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aago

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Àbígbẹ̀yìn mi ní kí n máa sọ ohun tí ojú mi ń rí, òun á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó sàn ju kí n máa bá fèrèsé ilé òun nílùú ńlá níbí sọ̀rọ̀ lọ. Mo gbà, àmọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ lèmi náà, n kò jókòó níwájú pátákó rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo sọ àti ohun tí n kò sọ.

Èyí tí mo rí lónìí, bí wọ́n bá ròyìn rẹ̀ fún mi, irọ́ ni mo máa pè é.

Tíṣà jókòó sídìí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó mi ni Tíṣà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ níwèé, ìdí tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ti gé kókó búburú kúrò lọ́fun rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bá kókó náà lọ. Ihò kan ló kù sí i lọ́rùn tó fi ń mí. Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kò lè sọ. Bí ó bá kọ ọ́, èmi ò lè kà. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n, ohun tó bá fi bírò kọ dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀, Àbígbẹ̀yìn tó kàwé gan-an ò rí i kà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti jọ ń rojọ́, ó wá di ká máa wojú ara wa bí ẹran méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lónìí, Àbígbẹ̀yìn gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ti pa tì sábẹ́ ibùsùn, síwájú ìyá rẹ̀. Tíṣà ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n tó sì tẹ ọ̀kan ní àtẹ̀túntẹ̀, ẹ̀rọ náà á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, oorun ti ń kùn mí. Lẹ́yìn náà ó tẹ èyí tó gùn bí ọ̀pá nísàlẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn Àbígbẹ̀yìn nínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọmọ náà pa dé, ó ń wò mí:

"Baálé mi, irùngbọ̀n yín ti di igbó."

Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde.

Àṣé ìdí nìyí tí ọmọ yìí fi ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tó ń ka bá, bé, bí sétí ẹ̀rọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ti rò pé iṣẹ́ ti fẹ́ yí i lórí. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbìn síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ohùn náà ń gba imú jáde díẹ̀, bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ gidi.

Mo lọ fá irùngbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

A sọ̀rọ̀ di ọ̀sán. Ó bi mí léèrè oko, ó bi mí ta ló ń fún àwọn ewúrẹ́ lómi, ó ní kí n yé gbé ẹsẹ̀ lé àga ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìbáwí tó ti kó pamọ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn ló tú lé mi lórí, ohùn ọmọ tí kì í gbójú sókè sí mi ló sì fi ń bá mi wí. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan lọ nípa àbúrò mi nígbà tí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn lójijì. Iná ti lọ ládùúgbò, a ò fura. Bátìrì nìkan ló ń gbé e, ó sì kú láì dágbére. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì. N kò tíì mọ ohun tí àbúrò mi ṣe.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ òpópónà. Ó tú ìdí rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní bátìrì ti gbó, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí òun bá máa ránṣẹ́ wá a, ó di oṣù méjì. Iye tó dá lé e, àgbò ni. Àbígbẹ̀yìn ní kó bá wa wá a. Títí dìgbà náà, èyí tó wà náà la ó máa tọ́jú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà

"Bàbá, mo ń ṣe olùṣọ́ kan tó máa jókòó sígun ìsàlẹ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Á máa wo bátìrì, á máa sọ bó ṣe kù sí fún wa."

"Níbo?"

"Níbí. Ẹ wo ìka mi."

"Eèrà ni mo rí."

"Kì í ṣe eèrà, Bàbá. Àpótí kékeré ni. Bó bá kún, á láwọ̀ ewé. Bó bá ń tán, á pọ́n."

"Eèrà aláwọ̀ ewé."

"Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò kà á fún mi bí o bá ti lọ síbi iṣẹ́? Ta ló ń jókòó ti ìyá rẹ lójúmọmọ?"

Ó yíjú wo ìyá rẹ̀. Ni a bá gbọ́ tí Tíṣà ń tẹ lẹ́tà, ní jẹ́jẹ́, ní jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ ní: "Ya àgbàdo fún wọn."

Nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, hóró àgbàdo ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àbígbẹ̀yìn ní báwo lòun ṣe máa ya odidi àgbàdo sí ibi tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Mo ní kó fẹ ibẹ̀ sí i. Ó ní ibẹ̀ ò ṣe é fẹ̀, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Mo ní ilẹ̀ tó há la fi ń mọ àgbẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó ń kùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà

Ó ṣe é! Àgbàdo ni. Ó ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, àmọ́ bí mo bá ti ọfà funfun yẹn lọ sórí rẹ̀, ńlá rẹ̀ á yọ jáde, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Hóró rẹ̀ tò gbáàgbà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àgbàdo tó gbó sórí igi. Bí iná inú bátìrì bá ti ń dín kù ni hóró ń bọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, títí yóò fi ku ṣùkù. Mo fi ìka tọ́ ọ, bí ẹni pé ọ̀kan lè bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dígí nìkan ni mo bá.

Ẹni tó lè gbìn láìsí ilẹ̀, kí ni kí a máa pè é?

Bí hóró bá ti ku díẹ̀, olùṣọ́ náà á ké pẹ̀lú ohùn Àbígbẹ̀yìn: "Ẹ gbà mí o, mo ti fẹ́ di ṣùkù!" Nígbà tó kọ́kọ́ ké, Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ò ní ohùn mọ́. Èjìká ló fi ń rín in, atẹ́gùn á máa fọn níhò ọrùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ àgbàdo náà. Àbígbẹ̀yìn kà á fún mi: "Bátìrì yìí ti kún. Ohun tó lè gbà kò ju ìdajì ohun tó ń gbà ní tuntun lọ."

"Ó ti ṣe lè jẹ́ ìdajì kó tún ní òun kún?"

"Ó kún dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni, Bàbá."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo wo Tíṣà, òun náà ń wò mí. Ó yé mi. Àgbà tó yó kò jẹ tó ọ̀dọ́, ó sì yó. Ẹ̀rọ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ láì tijú, n kò rí irú rẹ̀ rí láàárín ènìyàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ̀ ti gbé owó lé owó, wọ́n ní nítorí omi tó wà lójú ọ̀nà ni. Wọ́n wẹ ojú egbò Tíṣà nílé ìwòsàn, ó ń jinná. Ẹ̀wù mi ṣì tutù bí mo ti ń sọ èyí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi gba ọkùnrin kan kó máa bá wa ṣọ́ oko lọ́wọ́ ẹyẹ. Ẹyẹ kan ò bà sí oko wa lọ́dún náà. Nígbà ìkórè, oko ti ṣófo. Àgbàdo sísun ni olùṣọ́ ń jẹ láàárọ̀, sísè ló ń jẹ lálẹ́.

Mo bi Àbígbẹ̀yìn: "Olùṣọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yìí, kí ló ń jẹ?"

"Bàbá, iná bátìrì náà ni, àmọ́ kò tó nǹkan. Kò tó èyí tí eèrà ń jẹ nínú àká."

"Eèrà tó ń jẹ tọ̀sán-tòru ńkọ́?"

"Bàbá!"

N kò gbà. Mo ti rí bó ṣe ń dá olùṣọ́ náà dúró nígbà tó ń tún un ṣe: èèyàn á tẹ apá ọ̀tún lórí àgbàdo, ọ̀rọ̀ á tò sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátá ló máa ń lé e lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà

Ọ̀dọ̀ dókítà la lọ. Kí a tó jáde nílé, nígbà tí Tíṣà ń wọṣọ, mo lé olùṣọ́ náà lọ. Mo ní kó má jẹ wá lóúnjẹ lọ́jọ́ tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n. Iná ò ṣe dáadáa lóru, mo sì mọ̀ pé bátìrì ò ní kún tán.

A pẹ́ lórí ìjókòó. Tíṣà ń fi ẹ̀rọ kí àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń kí i, ọ̀kan ń sunkún, ó ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀. Inú mi ń dùn. Nígbà tó kàn wá, Àbígbẹ̀yìn ti lọ tò sórí ìlà oògùn.

Dókítà ní ohun kékeré kan wà tí wọ́n lè fi sí inú ọ̀fun rẹ̀, yóò fi máa mú ohùn jáde díẹ̀. Ọ̀bẹ ni, àmọ́ kò gùn. Ó ní àwọn tó ń fi í síbẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, òun ń kó orúkọ jọ, kí Màmá sọ èrò wọn.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó tẹ̀ títí. Kí ó tó kan ọ̀pá tó ń mú ọ̀rọ̀ jáde, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

Kò sí ẹni tó ké "ẹ gbà mí o" kó tó ṣẹlẹ̀.

Dókítà wò mí. "Bàbá, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

Ọ̀bẹ ti àkọ́kọ́ ni mo rántí. Mo ní, "Ẹ má tún fi ọ̀bẹ kan ìyàwó mi mọ́." Tíṣà ń mi orí, ó ń mi orí gidigidi. Mo tọ́ka sí i, mo ní, "Ẹ ò rí i, ó ní rárá." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà lu tábìlì, dókítà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, wọ́n á tún kọ̀ǹpútà yín ṣe." Nọ́ọ̀sì ti pe ẹni tó kàn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹfà

Ó ń bá Àbígbẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Ó ti pa ohùn ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà ń fi ojú kà á. Èmi jókòó síbẹ̀ bí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà

Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà

Àbígbẹ̀yìn ṣí ẹ̀rọ, ó wo igun ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ta ló lé olùṣọ́ lọ?"

Mo ń wo fèrèsé.

"Bàbá."

"Èmi ni."

Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá ń tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ní kí dókítà kọ orúkọ àwọn. Wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà bi wọ́n léèrè, ẹ bá wọn dáhùn."

Mo wọ bàtà. Ó ní níbo ni mò ń lọ. Mo ní ilé ìwòsàn. Ó ní a ò ní ìpàdé níbẹ̀ lónìí. Mo ní mo ti ní in.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà ní ìwé ti wọlé, orúkọ ti pé. Mo jókòó. Ó ní kí n lọ sílé. Mo jókòó. Ó jẹun ọ̀sán rẹ̀ níṣojú mi, ó fún mi nínú rẹ̀, mo dúpẹ́, mo jókòó.

"Bàbá, a ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn o."

"Ẹ tì í. Mo ti wà nínú ilé."

Àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà jáde wá, ó ń wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó bi mí kí ló dé. Mo ní èmi ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, kì í ṣe ìyàwó mi. Ó wò mí títí. Ó ní òun á fi àyè kan sílẹ̀, àmọ́ kó fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ fún òun lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, òun á gbé àyè náà fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà

Ìjì ńlá. Òpó iná méjì wó sójú òpópónà, wáyà nà gbalaja bí ejò. Páànù ilé tó kọjú sí wa fò, ó lọ balẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n ní iná ò ní tètè dé. Nígbà tí ọ̀sán máa fi pọ́n, àgbàdo ti ku ṣùkù, olùṣọ́ tí Àbígbẹ̀yìn ti dá padà ké, ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní jẹnẹrétọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí Àbígbẹ̀yìn ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní rárá. Mo gbé àga sí iwájú rẹ̀, mo ṣí i, mo gbé ọfà funfun lé àgbàdo.

Ṣùkù lásán ni. Okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ìdí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣàn nínú okùn náà tí ojú lè rí. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń wò ó, hóró kan yọ nísàlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn yọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbin àgbàdo. Mo ti sùn tì í, mo ti jí tì í, mo ti gbàdúrà òjò fún un. Ọjọ́ kan ò sí rí tí mo jókòó tí hóró gbó lójú mi kòrókòró. Òní ni mo rí i. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.

Onígbàjámọ̀ ń wò mí nínú dígí. "Bàbá, ṣé ẹ ń ṣọ́ ọ kó má sá lọ ni?"

"Ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀."

Ó pa ẹ̀rọ ìgẹ̀run lẹ́nu iṣẹ́. Oníbàárà rẹ̀ yí orí padà, ìdajì ṣì kún fún irun. "Ẹ ní ta ló wà níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan wọlé, fóònù rẹ̀ ti kú, ó na ọwọ́ sí ibi tí okùn wa wà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣáàjì fóònù díẹ̀."

"Rárá."

"Díẹ̀ péré ni, Bàbá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Hà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù."

"Lọ dúpẹ́." N kò sún kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí hóró tò gbáàgbà tán, onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ bá mi gbé e gun àtẹ̀gùn, ó ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó kí Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, Bàbá ní inú ibí lẹ wà o." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Tíṣà wo ẹ̀rọ. Ó wò mí. Ó tan ohùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo dúró lórí ìdúró.

"Mi ò sí nínú rẹ̀, Baálé mi. Ibí ni mo wà."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó má bínú.

Ó tún tẹ̀: "Ẹ jókòó. Àbúrò yín ti ta akọ ewúrẹ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kú nìyẹn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Iná ti dé lánàá, àmọ́ kò lágbára, gílóòbù ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Àgbàdo dé ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀. Mo wo olùṣọ́ kí a tó jáde, mo tún wò ó nínú ọkọ̀. Lórí ìjókòó, nígbà tí àwọn ènìyàn ń kí Tíṣà, èmi ni mò ń dá wọn lóhùn. Mo ní ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Dókítà wọlé, ó jókòó, ojú mi ló sì wò. "Bàbá, kí lẹ ti pinnu?"

"Ẹ bi í."

"Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà..."

"Ẹ bi í, dókítà. Ó wà níwájú yín. Àgbàdo rẹ̀ ṣì wà."

Kò mọ àgbàdo tí mò ń sọ. Ó yíjú sí i. Tíṣà tẹ lẹ́tà kan, ó sinmi, ó tẹ òmíràn. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi ń wo igun ìsàlẹ̀. Hóró kan bọ́. Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó lè kà á kó sì sọ ọ́, kò sọ ọ́. Hóró mìíràn bọ́. Nígbà tó yá ni Tíṣà kan ọ̀pá nísàlẹ̀.

"Dókítà, ohùn ọmọ mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ó dára, àmọ́ mo fẹ́ dá a padà fún un. Ẹ ṣe é. Mo sì mọ̀ pé ọ̀bẹ ni."

Níbi tí mo sọ ọ́ dé yìí, Àbígbẹ̀yìn ní kí n dúró díẹ̀ kí òun tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mo dúró.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó kọ orúkọ Tíṣà sílẹ̀. Ó wá fọwọ́ tọ́ àgbàdo náà, ó ní kí ni èyí. Mo ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje

Wọ́n gbé e wọlé láàárọ̀. Kí wọ́n tó gbé e, ó tẹ nǹkan kan, kò mú un jáde. Ó fi ìka mi lé ọ̀pá tó gùn náà, ó ya ọwọ́, ó tọ́ka sí àyà mi. Ó yé mi: bí àyà mi bá ń já, kí n tẹ̀ ẹ́.

Àyà mi já kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Ṣùgbọ́n hóró ò ju ìlà méjì lọ, ṣájà sì wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ibi tí mo gbàgbé rẹ̀ sí. Àbígbẹ̀yìn ti padà lọ mú un, òjò sì ti di ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ní ihò iná tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ti ẹ̀rọ àwọn aláìsàn ni, kì í ṣe ti èyí. Mo gbé e sórí itan. Mo rò ó pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, màá gbọ́ ọ, ara mi á balẹ̀. Àmọ́ bí Tíṣà bá jí tí ẹ̀rọ ti kú, kí ni yóò fi pe ènìyàn? Mo pa ideri rẹ̀ dé, nítorí Àbígbẹ̀yìn ti sọ pé bó bá sùn, ìwọ̀nba ló ń jẹ. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Olùṣọ́ ṣì wà lójú iṣẹ́, kò sùn, kò jẹ wá ní gbèsè. Mo ní o káre.

Wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn ọ̀sán. Nígbà tó lajú, mo ṣí ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, mo fi ìka rẹ̀ síbẹ̀. Hóró mẹ́ta ló kù. Ó pa ọ̀rọ̀ tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó tẹ tuntun. Ó pẹ́.

"Omi."

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì lè mu, ó fi òwú tútù ra ètè rẹ̀. Hóró tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, omi ló bá wa bèèrè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù keje

Dókítà ní ó ti tó láti gbìyànjú rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi àtàǹpàkò bo ihò ọrùn, tí yóò sì ti atẹ́gùn gba òkè. Níbẹ̀, èémí lásán ló ń jáde. Ó ní kó má bínú, kó máa gbìyànjú rẹ̀ nílé.

A dé ilé. Òjò ti dá, oòrùn bà sórí tábìlì. Tíṣà jókòó sí àyè rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ọ̀bẹ, n kò gbọ́ ọ, o sì ti pa á rẹ́. Jọ̀ọ́, tún un tẹ̀."

Ó wò mí. Ó na ọwọ́, ó pa ideri ẹ̀rọ náà dé. Ó gbé àtàǹpàkò bo ọrùn. Àbígbẹ̀yìn tó ń ti ilé ìdáná bọ̀ dúró sójú ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan ta nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń bó háríhá kúrò lára àgbàdo gbígbẹ. Ó mí, ó tún bò ó.

"Ṣé... ẹ... ti jẹun?"

Kì í ṣe ohùn rẹ̀ àtijọ́. Kì í ṣe ohùn ọmọ. Ó há, ó nípọn, ó ń fọ́ lójú ọ̀nà, àmọ́ mo mọ ẹni tó ni ín bí mo ṣe mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ó mọ̀ pé n kì í jẹun bí àyà mi bá ń já. Lọ́jọ́ ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ lábẹ́ ìka mi nìyẹn: kí n lọ jẹun.

 Èmi tí ọ̀fun mi pé ni n kò rí ohùn.

Lábẹ́ ideri, olùṣọ́ ké: "Ẹ gbà mí o, mo ti fẹ́ di ṣùkù!" Àbígbẹ̀yìn fẹ́ sáré mú ṣájà. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì, a ò dìde. Tíṣà tún gbé àtàǹpàkò sókè, ó ní àwo mi wà lórí ààrò.